Òǹkà Abẹ́ Páìnì

Férémù igi ni mo gbé kọ́ èjìká,
mítà kan níbùú, mítà kan lóròó.
Ibi tí mo bá ti gbé e lélẹ̀ ní Walsingham
ni màá kúnlẹ̀ sí, kí n ka ohun tó bá hù nínú rẹ̀.
Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi nìyẹn,
ní Ontario, láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹjọ.

Abẹ́ páìnì ni mo ti bẹ̀rẹ̀.
Wọ́n tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà àárọ̀,
ọjọ́ orí kan, ìnàró kan,
mo wo ọ̀tún, ìlà; mo wo òsì, ìlà.
Abẹ́rẹ́ gbígbẹ tẹ́ bí ẹní, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú,
ẹsẹ̀ mi ò lóhùn lórí rẹ̀.
Mo kúnlẹ̀: òdo.
Mo sún síwájú: òdo.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, ewé kan báyìí, ó tín-ín-rín, ó funfun létí,
bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ení.

Igi kan kì í dágbó ṣe, àwọn àgbà ti wí.
Ẹgbàárùn-ún igi tó jẹ́ igi kan ṣoṣo ńkọ́?

A ń la odò kékeré kan kọjá kí a tó dé igbó kejì,
èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbìn.
Níbẹ̀, igi tó ṣubú ò tíì kú tán:
olú ń jẹ ẹ́, ọmọ igi sì hù sí i lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.
Mo gbé férémù kalẹ̀.
Wákàtí kan kọjá, mi ò tíì dìde.
Mo ka ogún, mo lé mẹ́ta,
ẹ̀fọn sì ti jẹ mí yó.

Ìwé orúkọ wà nínú àpò mi, Látìnì ló kún un.
Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnìkan ò gbìn, àmútọ̀runwá ló yẹ ẹ́.
Èyí tó gbé ewé mẹ́ta, tí òdòdó rẹ̀ náà ya mẹ́ta, Ẹ̀ta-òkò ni.
Èyí tó lọ́ orí pọ̀ bí irun tí òòyà ò tíì kàn, Dàda.
Èyí tó ń yọjú láti inú àpò ara rẹ̀, Ọ̀kẹ́;
ìtàkùn tó wé mọ́ ọrùn igi, Àìná.
Ọ̀kan wà tí mo ṣèèṣì já, ẹ̀jẹ̀ ṣàn sí mi lọ́wọ́.
Mi ò sọ ìyẹn lórúkọ. Mo bẹ̀ ẹ́.

Godelieve ló ni ilé tó kángun sí páìnì.
Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni, etí rẹ̀ ṣì mú.
Ó gé Ibídùnní kù, ó tẹ ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀:
"Ibi" ló ń pè mí, mo sì ń dá a lóhùn.
Nígbà tó gbọ́ òdo, òdo, tí mò ń kà,
ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀:
"Ibi, má bú wọn lójú mi.
Iyanrìn ni gbogbo ibí yìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé.
Tábà ti fa ilẹ̀ mu tán, afẹ́fẹ́ wá ń kó ìyókù.
Iyanrìn nínú ọbẹ̀, iyanrìn lábẹ́ ìpéǹpéjú.
Bàbá mi ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò, èmi ń ki ọmọ páìnì bọ̀ ọ́,
sẹ́ǹtì kan fún igi mẹ́wàá.
Àwọn ló dì í mú.
Kí ni ì bá hù lórí ilẹ̀ tó ń sá lọ?"

Mi ò rí èsì fún un.

Ó mú mi lọ síbi tí ìjì ti wó mẹ́rin nínú wọn.
Ìmọ́lẹ̀ ti wọlé, kò kan ilẹ̀kùn.
Láàárín abẹ́rẹ́ gbígbẹ, Dàda kan ti yọrí.
"Kọ ọ́," ó ní.
Mo kúnlẹ̀. Ení.
Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ọ̀pá sí òmíràn,
ó fẹ́ pe èjì, ó pè é ní èjí.
Mo gbójú sókè wo àlàfo tó là láàárín páìnì,
tí ọ̀run fi ń rẹ́rìn-ín.
Mi ò tún un ṣe.